Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Kí àkùkọ ilé Lájorín tó kọ lẹ́ẹ̀kejì
mo ti ń fọwọ́ tẹ táyà wò nínú òkùnkùn:
tiwájú le,
tẹ̀yìn dẹ̀ díẹ̀, bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀.
Ogún ìgbà ni pọ́ńpù mí,
ogún ìgbà ni èmi náà mí.
Kò sẹ́ni tó borí ẹnì kejì.

Mo ti pé mẹ́tàléláàádọ́rin.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ju kẹ̀kẹ́ yìí lọ;
owó oṣù mẹ́rin ni mo fi rà á
nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìwọ̀n
ní ilé kòkó tó wà lójú ọ̀nà Ìdànrè.
Àpò kan, ìlà kan.
Ìlà mẹ́rin á nàró,
ìkarùn-ún á dùbúlẹ̀ lé wọn láyà bí ọmọ tó rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ka òwúrọ̀ mi báyìí
lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.
Bọ́ládalẹ̀ ní mo ti sọ ilẹ̀kùn di ìwé gbèsè.
Mo ní, "Gbèsè kọ́, ìyá. Owó tó wọlé ni."

Gere, gere, mo gba Ìjọ̀kà kọjá.
Òkè Ìdànrè jókòó lókèèrè,
ó fi kùrukùru wérí bí ẹni tí kò tíì fẹ́ kí èèyàn.
Wúrà tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìgbálẹ̀ sókè:
"Bàbá, ẹ ò ní ṣubú o!"
Mo ṣe àmín, mo tẹ agogo lẹ́ẹ̀kan.
Àwọn ọmọ ọlọ́kadà ní, "Ẹ jẹ́ ká fi okùn fà yín!"
Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ,
epo ni tiyín ń mu,
ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni tèmi.
Mo dé afárá Odò Àlà, mo fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀,
mo wo omi, mo yí padà.

Nínú oṣù Agẹmọ ni òkúta wẹ́wẹ́ gba táyà lábẹ́ mi.
Orúnkún mi wú bí ìṣù ewùrà.
Akínbòdé pè láti Kánádà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n:
"Ó tó, Bàbá. Màá fi kẹ̀kẹ́ kan ránṣẹ́,
èyí tí kì í kúrò lójú kan,
ẹ ó máa wà á nínú pálọ̀."
Mo ní, "Ó dára, ọmọ mi.
Ṣé Wúrà yóò wá gbálẹ̀ pálọ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ilẹ̀kùn fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún mo jáde.
Àlọ kò burú.
Àbọ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá ga ju bí mo ti fi í sílẹ̀ lọ,
orúnkún ní òun ò gbọ́, òun ò sí níbẹ̀.
Mo sọ̀ kalẹ̀.
Mo ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti àna rẹ̀ tó yó wálé,
ọmọléèwé mẹ́ta gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìbojú wẹ̀yìn.

Nílé mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.
Ní gbogbo ọdún tí mo fi wọn kòkó
n kò fún àpò tí kò kún ní ìlà rí.
Mo dúró títí ògì fi tutù.

Bọ́ládalẹ̀ jáde láti ilé ìdáná.
"Ṣé ẹ dé etí afárá?"
"Mo dé ibẹ̀."
"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"
"Òun náà dé ibẹ̀."
"Ta wá ló ṣẹ́kù sọ́nà?"
Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi,
òun tí kò ka àpò kan rí láyé rẹ̀,
ó fa ìlà kan.

Ó wọ́. Ó kúrú.
N kò tún un fà.